Bàtà Tó Wọ Bàálù Lọ sí Parakú

Èṣùbíyì ní okùn ṣòkòtò òun lòun fi so apá bàálù nígbà tó já lójú ọ̀run. Ó ní òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ni àwọn ń fò kọjá lọ́wọ́ tí apá òsì fi yọ bí itan adìyẹ tó jinná jù, àwọn òyìnbó tó ń wa ọkọ̀ náà dìde, wọ́n ń bá ara wọn du ẹnu ọ̀nà, òun nìkan ló fara balẹ̀, tó jáde síta, tó tẹ ìkùukùu mọ́lẹ̀ bí ẹni ń po amọ̀ ilé, tó sì so apá ọkọ̀ padà sáyè rẹ̀. Ó ní láti ibẹ̀ títí dé Parakú, ọwọ́ kan lòun fi di ṣòkòtò mú kó má bàa bọ́, ọwọ́ kejì lòun fi ń lé àwọn àwòdì tó fẹ́ wá lá òróró ẹ́ńjìnnì.

"Kókó wo lẹ ta sí i, Bàbá?" Àkànmú bi í. "Ṣé ti ewúrẹ́ ni àbí ti igi ìdáná?"

"Ti ewúrẹ́ ni. Ti igi ìdáná kì í dúró lójú afẹ́fẹ́."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó àtíbàbà lé wọn lórí. Ìsmáílà tó ni àtíbàbà gbé àáké sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé. Ìmàle ni Ìsmáílà, kì í fi ìrun ṣeré, ṣùgbọ́n òun náà ló ń gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, bí bàbá rẹ̀ ti ṣe é, bí bàbá bàbá rẹ̀ ti ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ ọjà Adja-Ouèrè ni àtíbàbà náà wà. Àkànmú ní tirẹ̀ ń fi alùpùpù kó èrò. Bí èrò bá wọ́n, á sùn gbalaja sórí àga alùpùpù lábẹ́ ibòji yẹn, gbogbo ara rẹ̀ á sùn, etí rẹ̀ nìkan ni kì í sùn.

Èṣùbíyì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó tín-ín-rín bí ẹyọ ọwọ̀, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ ju ọ̀nà Pọ́bẹ̀ lọ. Akọ̀pẹ ni. Nígbà tí eegun rẹ̀ le, kò sí ọ̀pẹ tó ga ju igbà rẹ̀ lọ láti Oko-Akarè títí dé Tatonnonkon. Nítorí náà, àwọn èèyàn mọ̀ pé irọ́ ni ti okùn ṣòkòtò, irọ́ ni ti àwòdì, ṣùgbọ́n wọ́n gbà lọ́kàn wọn pé bàbá yìí kúkú wọ bàálù. Ẹni tí ọ̀pẹ kò bà lẹ́rù, kí ni bàálù máa fi dẹ́rù bà á? Bàbá Oníbàálù ni àwọn ọmọdé ń pè é. Níbi ìkómọ, àga iwájú ni wọ́n ń gbé fún un, pé ó ti rí ẹ̀yìn ìkùukùu kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ohun kan wà nínú ìwà rẹ̀ tí ìlú kò yẹ̀ wò dáadáa. Èṣùbíyì kì í gun òṣùwọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà Ìsmáílà gan-an ni àwọn tó ń ra ẹkùrọ́ máa ń gbé tiwọn kalẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, òṣùwọ̀n onírin ńlá, pẹrẹsẹ nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé àpò lé. Bí Èṣùbíyì bá ní ẹkùrọ́ láti tà, òkèèrè ló ti máa sọ àpò kalẹ̀, á ní kí ẹlòmíì bá òun gbé e débẹ̀. Cécile tó ń tọ́jú aláìsàn nílé ìwòsàn ní kó gun òṣùwọ̀n nígbà kan, kí òun lè mọ ìwọ̀n oògùn tó máa lò. Ó ní ẹni tó ti fẹsẹ̀ tẹ ìkùukùu kò ní ìwọ̀n mọ́, pé bí òun bá gùn ún, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á yí, á yí, títí á fi gbé ilé ìwòsàn náà fò lọ sí Kétu pẹ̀lú àwọn aboyún inú rẹ̀. Cécile rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe. Ìlú ka ìyẹn náà mọ́ àwàdà.

Lọ́dún yìí, igi ọ̀mọ̀ kan ń di bàálù lọ́wọ́ Ìsmáílà. Ojú obìnrin ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí ti gbogbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ṣùgbọ́n orí gèlè obìnrin náà ni ọkọ̀ òfurufú kan bà lé. Kì í ṣe irú ti ìsinsìnyí tó gùn bí abẹ́rẹ́. Àwọn bàálù tó kọ́kọ́ ń kó èrò lágbègbè wa, ìdí ni wọ́n fi ń jókòó bí ajá, imú wọn á máa wo ọ̀run. Ẹ́ńjìnnì méjì á wà lápá, abẹ̀bẹ̀ irin á wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á tu èéfín dúdú bí ìyá àgbà tó ń fi igi tútù dáná, kí wọ́n tó wá gba ariwo sẹ́nu. Ilé-iṣẹ́ kan ló ń fi wọ́n ná Kútọnù, Parakú àti Kándì nígbà yẹn. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé tipẹ́, àwọn tó ń yọ́ irin sì ti sọ òmíràn nínú àwọn bàálù yẹn di ìkòkò ọbẹ̀.

Èṣùbíyì ló júwe gbogbo èyí fún Ìsmáílà, kò sì fi irọ́ kan là á, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí nìyẹn láti ìgbà tó ti mọ̀rọ̀ sọ. Ibi tí imú wà, ibi tí ìdí wà, ibi tí ilẹ̀kùn wà lẹ́bàá ìdí, ó fi ìka yà á sórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìsmáílà béèrè bí inú rẹ̀ ti rí, kí òun lè mọ bí òun ṣe máa gbẹ́ èrò sójú fèrèsé, Èṣùbíyì kọ́kọ́ wúkọ́ díẹ̀. Ó wá ní ilẹ̀ inú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àgbàlá ọba, pé wọ́n tẹ́ ẹní òdòdó láti iwájú dé ẹ̀yìn, pé èèyàn lè bá ẹṣin sáré nínú rẹ̀.

Ó dá a lójú pé nítorí òun ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ igi náà. Ìsmáílà kì í dárúkọ ẹni tó ni igi títí ọjọ́ ijó fi máa kù sí dẹ̀dẹ̀. Àṣà ilé wọn ni. Èṣùbíyì kò bi í. Ta ló tún kù ní Adja-Ouèrè tí wọ́n á gbẹ́ bàálù fún? Ó rò pé ìlú ló para pọ̀ ṣe é kó má bàa mọ̀. Kò bímọ. Kò kọ́lé tó dúró. Bí òun bá kú, igi yìí á kù, wọ́n á máa gbé e jó, ẹnì kan á sì máa béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì pé ta ló ni bàálù yìí. Bó bá ti rò ó débẹ̀, á dìde, á lọ tọ̀ sẹ́yìn ọgbà kí wọ́n má bàa rí ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó wò ó, ó rí i pé obìnrin ni Ìsmáílà gbẹ́ sójú fèrèsé iwájú. Ó gbà á bẹ́ẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ni. Ṣùgbọ́n ní fèrèsé tó tẹ̀ lé e, níbi tó yẹ kí òun wà, nǹkan pẹlẹbẹ kékeré kan ló wà níbẹ̀. Ó ní kí nìyí. Ìsmáílà ní ohun tí ẹni tó ni igi ní kí òun gbẹ́ nìyẹn. Èṣùbíyì ní ó jọ ẹja.

"Ahọ́n yín ni, Bàbá," Àkànmú dáhùn láti orí alùpùpù, kò tilẹ̀ la ojú. "Wọ́n ní kó ní àga tirẹ̀."

Nígbà tí ijó ku ọ̀la, Ìsmáílà fi òróró pa igi náà, ó da aṣọ bò ó, ó wá ní kò burú bí òun bá sọ ọ́ báyìí. Ó ní ìyá kan wà ní Parakú, ọmọ Tatonnonkon ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ní kí òun gbẹ́ ẹ fún un, torí òun ni obìnrin tó kọ́kọ́ wọ bàálù nínú gbogbo agbègbè yìí. Ọ̀la ni ìyá náà ń bọ̀. Àkànmú ló máa lọ gbé e ní Pọ́bẹ̀.

"Ọ̀ṣunwùnmí lorúkọ rẹ̀," Ìsmáílà sọ. "Ẹ ó mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ jẹ́ ará òkè."

Èṣùbíyì dìde. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì lọ sílé, Àkànmú sì la ojú méjèèjì, torí kò tíì rí i rí kí bàbá náà kúrò níbì kan láìfi irọ́ kan dágbére.

Ọ̀ṣunwùnmí ni wọ́n fẹ́ fún Èṣùbíyì nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ọmọbìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kí èèyàn tó parí ọ̀rọ̀ ni. Èṣùbíyì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bó bá wà lórí ọ̀pẹ tó rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ìdì ẹyìn tí kò pọ́n ló máa gé. Fábíyì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ òwú ní Parakú, ó bá a rí iṣẹ́ níbẹ̀. Òwú ti là lóko, ọ̀gá wọn sì fẹ́ kó tètè dé, ó gba àyè sílẹ̀ nínú bàálù fún Èṣùbíyì àti ìyàwó rẹ̀. Ìròyìn náà mì Tatonnonkon jìgìjìgì. Àwọn àgbà wá fọwọ́ kan Ọ̀ṣunwùnmí lórí, kí díẹ̀ lára wọn lè bá a dé ọ̀run kó sì padà. Èṣùbíyì ra bàtà aláwọ, bàtà àkọ́kọ́ tó máa wọ̀ láyé. Ó tóbi fún un, ó ní kò burú, pé ẹsẹ̀ máa ń wú lókè.

Ìgbà tí wọ́n dé pápá bàálù ní Kútọnù, ẹ̀rù kò bà á. Ó rí bàálù náà tó jókòó lórí ìdí nínú oòrùn, ó ti ń wá irọ́ tó máa pa nípa rẹ̀. Àfìgbà tí wọ́n wọ abẹ́ òrùlé, tó rí òṣùwọ̀n.

Òṣùwọ̀n ẹkùrọ́ ni. Irin kan náà, pẹrẹsẹ kan náà nísàlẹ̀, irin kékeré kan náà tí wọ́n ń tì síwá sẹ́yìn lókè. Nílé wọn, kò sí ọmọ tí kò mọ ohun tí òṣùwọ̀n wà fún. Ohun tó bá ti gùn ún ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá; olùrà ló ni ín. Wọ́n wọn agbọ̀n gààrí Ọ̀ṣunwùnmí, ìyẹn kò burú. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin aláṣọ funfun kan ní kí Ọ̀ṣunwùnmí fúnra rẹ̀ gùn ún. Ó gùn ún. Ọkùnrin náà ti irin, ó pe iye, ẹlòmíì kọ ọ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún àpò ẹkùrọ́. Lódì kejì okùn tí wọ́n ta dí ọ̀nà, òyìnbó onífìlà kan dúró, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Èṣùbíyì wò ó, ó ní, áà, olùrà rèé.

Ìyá bàbá rẹ̀ ti sọ fún un bí ogun Dàhòmì ṣe máa ń ya wọ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, tí wọ́n á kó èèyàn lọ sétí òkun, tí ẹni tó bá lọ kì í bọ̀. Etí òkun sì rèé. Ó ń gbọ́ bí omi ti ń hó lẹ́yìn ògiri.

Ọ̀ṣunwùnmí bọ́ sílẹ̀, ó kọjá sódì kejì, ó wẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí i pé kó máa bọ̀. Wọ́n pe orúkọ Èṣùbíyì. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé irin náà. Irin náà yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dún gbàn-ùn. Ó sì sá. Ó sá débi pé òjìji rẹ̀ jókòó lọ́nà, ó ní òun ò lọ mọ́.

Aládùúgbò rẹ̀ èyíkéyìí ì bá ṣe irú àṣìṣe yẹn. Ẹni tó bá dàgbà nídìí ẹkùrọ́ ò lè rò ó lọ́nà mìíràn. Èyí tó ń jẹ Èṣùbíyì lọ́kàn látọjọ́ yẹn kì í ṣe pé ó sá. Ó gbà nígbà tó ń sá pé wọ́n ti ta Ọ̀ṣunwùnmí. Ó gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kò pariwo. Kò pe orúkọ rẹ̀. Láàárín àwọn igi àgbọn ló sá pa mọ́ sí, tó fi rí bàálù náà tó gbéra, tó kọjá lórí rẹ̀ tó mi àgbọn gbígbẹ wálẹ̀, tó sì kéré títí ó fi dà bí eṣinṣin.

Ọkọ̀ tó ń kó ẹkùrọ́ ló gbé e padà sí Adja-Ouèrè. Wọ́n bi í léèrè bàálù, ó ní ó dára. Wọ́n ní báwo ló ṣe tètè padà, ó ní bàálù náà ló ṣẹ́rí tó gbé òun wálé. Ibẹ̀ ni irọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò ga ju orúnkún lọ nígbà yẹn. Kò pẹ́ tí Fábíyì fi ránṣẹ́ pé Ọ̀ṣunwùnmí dé láyọ̀, pé wọ́n kàn ń wọn èrò kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe máa pín wọn síwá sẹ́yìn kí bàálù má bàa dojú dé ni, pé kó tètè máa bọ̀, ọkọ̀ ojú irin wà. Èṣùbíyì ní bí wọ́n bá kọ ẹyìn tán lòun máa lọ. Nígbà tí wọ́n kọ ẹyìn tán, ó ní bí òjò bá dá. Òjò dá, ó rọ̀, ó tún dá. Kí ni ẹni tó fi aya sílẹ̀ sórí òṣùwọ̀n máa sọ fún un bó bá débẹ̀? Ọ̀ṣunwùnmí dúró dè é títí. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ sílé pé àwọn méjèèjì ò fẹ́ra mọ́, kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan, ó ń ta aṣọ, ó bímọ. Fábíyì kú, àwọn tó mọ̀ pé Èṣùbíyì ti fẹ́ ẹ rí náà kú tán. Irọ́ Èṣùbíyì ga kọjá orúnkún, ó ga kọjá ọ̀pẹ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ijó, ó gba ọ̀nà Oko-Akarè lọ láti sá pa mọ́. Ó dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ó dúró. Bí òun ò bá rí i lónìí, ìgbà wo? Ó wo ọ̀pẹ kan tó wà níbẹ̀, ó ní, "Foríjì mí, Ọ̀ṣunwùnmí." Ó tún un sọ. Ẹni tó ti fi ẹnu gbé bàálù, tó ti fi ẹnu gbé ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ yìí nìkan ló wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí ọlọ. Ó sọ ọ́ fún ọ̀pẹ náà títí ó fi rọ̀ ọ́ lẹ́nu díẹ̀, ó wá yí padà. Ó ní gbàrà tí òun bá rí i lòun máa sọ ọ́, kí ohunkóhun tó ṣáájú rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà ni. Àwọn tó ń ra ẹkùrọ́ ti gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, ilù ti ń dún lókèèrè. Àkànmú gbé ìyá náà dé, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹyin. Ó ti darúgbó, ó ti sanra, ẹsẹ̀ kan ń dùn ún, ṣùgbọ́n nígbà tí Ìsmáílà kúnlẹ̀ kí i, ó ti ń rẹ́rìn-ín kí ìkíni tó parí. Èṣùbíyì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rí ẹ̀rín yẹn, ó sún mọ́ wọn.

"Èṣùbíyì," obìnrin náà pè é. "O kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọ̀ṣunwùnmí, ìwọ náà kú ọjọ́ mẹ́ta."

Àwọn èèyàn ti pé yí wọn ká. Ọ̀ṣunwùnmí jókòó, ó ní Àkànmú ti ń sọ ìtàn bàálù fún òun láti Pọ́bẹ̀, pé nígbà tó dé ibi okùn ṣòkòtò, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ já sílẹ̀ lórí alùpùpù. Ó wo Èṣùbíyì. Kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀.

"Sọ ti òṣùwọ̀n fún wọn," ó ní. "Mo ti ń fi ìyẹn pa àwọn ọmọ mi lẹ́rìn-ín láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ẹ̀rín rín. Mo ní bí mo bá délé, ìwọ ni kí o sọ ọ́, èmi á máa gbè é."

Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Èṣùbíyì rí i pé ó ṣí. Ọ̀rọ̀ tó ti sọ fún ọ̀pẹ gun òkè wá sí ọ̀fun rẹ̀, ó dé ẹ̀yìn eyín. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀, wọ́n ti ń fi ẹ̀rín sẹ́nu dè é, Àkànmú ti dìde jókòó. Ẹnu tó ti mọ ọ̀nà kan láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀nà náà ló gbà. Ó ní òṣùwọ̀n? Ó ní òun lòun gbé òṣùwọ̀n náà ní èjìká ọ̀tún, tí òun gbé Ọ̀ṣunwùnmí ní èjìká òsì, tí òun sì kó àwọn méjèèjì wọ bàálù lẹ́ẹ̀kan náà, tí olórí àwọn òyìnbó fi ṣí fìlà fún òun.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ojú Ọ̀ṣunwùnmí ni kò pọ̀ sí i. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí iná tí ẹnikẹ́ni kò kó igi sí mọ́.

"Nígbà tí a wọlé ńkọ́?" ó bi í. "Báwo la ṣe rìn dé ibi àga?"

"Lórí ẹní òdòdó. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ."

"Ilẹ̀ inú rẹ̀ kò tẹ́, Èṣùbíyì. Ìdí ló fi jókòó. Àtẹ̀yìn la ti wọlé, a sì gun inú rẹ̀ bí ẹni ń gun òkè. Adìyẹ ìyá kan já, ó yí gbirigbiri láti iwájú dé ìdí ọkọ̀."

"Bàbá," Àkànmú ní, "ẹ̀yin lẹ ní ẹṣin lè sáré níbẹ̀."

Èṣùbíyì ní kí òun tó wọlé ló dagẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òun jókòó síwájú, ìwúwo òun ló mú un tẹ́. Ẹni tó tín-ín-rín bí ọwọ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan wo ara wọn.

Ọ̀ṣunwùnmí ní kí Ìsmáílà ṣí aṣọ kúrò. Igi náà ń dán nínú oòrùn, bàálù náà gbé imú sókè lórí gèlè, obìnrin náà ń wò láti fèrèsé iwájú. Gbogbo wọn na ọrùn sí fèrèsé kejì. Nísinsìnyí tí Ìsmáílà ti kùn ún, ó hàn gbangba pé kì í ṣe ẹja, kì í sì í ṣe ahọ́n. Bàtà ni. Ẹyọ kan.

"Bàtà ta ni, Ìyá?" Àkànmú béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ti ọkọ tí mo kọ́kọ́ fẹ́. Ó bọ́ sílẹ̀ nídìí òṣùwọ̀n ní Kútọnù. Àga rẹ̀ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo gbé bàtà náà sórí rẹ̀, òun ló bá mi dé Parakú. Mo fi í pa mọ́ títí ikán fi jẹ ẹ́. Mo ní ẹlẹ́sẹ̀ kan ò lè ṣe kó má wá gbà á."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àga iwájú gbogbo ìkómọ, Bàbá Oníbàálù, gbogbo rẹ̀ ló wà lójú wọn tí wọ́n ń fi wò ó, ó sì ń rí i bó ti ń tú bí iṣu tó jẹrà. Síbẹ̀, ó lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ó la ẹnu, ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ pé òun lòun rán bàtà náà lọ ṣáájú kó bá òun gba àyè sílẹ̀, pé òun wà lórí òrùlé bàálù níta, níbi tí atẹ́gùn dára sí.

Ọ̀ṣunwùnmí dìde. Ó rọra wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ibi òṣùwọ̀n àwọn olùrà ẹkùrọ́. Àwọn yẹn gbé àpò kúrò fún un. Ó gùn ún, irin náà sì dún lábẹ́ rẹ̀. Ó yíjú, ó na ọwọ́.

"Wọn ò tà mí, Èṣùbíyì," ó ní. "Wá gùn ún."

Ọwọ́ kan náà ni, bó tilẹ̀ ti hun jọ. Èṣùbíyì rìn dé ibẹ̀. Lóòótọ́ ló fẹ́ gùn ún. Kò sí ohun tó fẹ́ tó èyí rí láyé, kì í ṣe igi, kì í ṣe orúkọ. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé irin náà. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ti pé, ó ti rọ̀. Irin náà yẹ̀, ó dún gbàn-ùn.

Ìgbà tó máa mọ̀, ọjà ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti kọjá àwọn aláta, ó ti kọjá àwọn elépo, ó ń sáré lójú ọ̀nà Oko-Akarè bí ẹni tí eegun rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé òun ti darúgbó. Ó ń retí kí wọ́n bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn òun. Kò gbọ́ ẹ̀rín. Ohun tó gbọ́ ni ohùn obìnrin kan tó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò pe tirẹ̀ lọ́jọ́ Kútọnù. Kò dúró. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń jó nínú iyanrìn, kó tó wolẹ̀ rárá ló ti mọ̀ pé bàtà ẹsẹ̀ yẹn ti ṣẹ́kù sídìí òṣùwọ̀n.